Iná Tí Mo Fi Owú Pa

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà dúró dè,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òòrùn Fájuyì ní Adó, mo kí ọ kú ìdúró de ọkọ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà wà. Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé dípò kí n pè ọ́. Bó bá jẹ́ lórí fóònù ni, n ó purọ́. Mo mọ ara mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, ohun méjì lo sọ. O ní ọ́fíìsì yín ti fọwọ́ sí i pé kí o wá gbẹ́ kòtò gáàsì ìgbẹ́ sí àdúgbò wa, èyí àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ máa darí láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ yìí, àti pé ẹ̀yìn ilé Ìyá Dàpọ̀ lo mú. Inú rẹ ń dùn, o ń yára sọ̀rọ̀. Mo ní, "O ṣeun," mo sì pa fóònù. O tún pè, o ní nẹ́tíwọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́, ọmọ mi. Owú ni.

Ohun kejì ni ìbéèrè. O ní ọ̀gá yín kò ní kó bíríkì wá àfi bí o bá kọ̀wé sọ ohun tó pa kòtò tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ síbẹ̀ nígbà tí o wà ní yunifásítì. Ó ní bí ìdáhùn rẹ kò bá mọ́gbọ́n dání, ìlú mìíràn ni òun máa gbé iṣẹ́ náà lọ. O wá ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ jẹ́ aládùúgbò wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i gan-an?" Mo ní n kò mọ̀.

Mo mọ̀. Èmi ni mo pa á. Fara balẹ̀ kà á, má sì pè mí kí o tó kà á tán.

O kò mọ bí èmi àti Ìyá Dàpọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wa wọ àdúgbò yìí ní ìyàwó, ọgbà kan ṣoṣo ló sì là wá láàárín. Èmi ń kọ́ ọmọ níléèwé, òun ń din gààrí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́ ilé, èmi ni mo kọ́kọ́ ní bọhóòlù, ọmọ mi ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Láràárọ̀, á gba àlàfo ọgbà wọlé tòun ti àpáàdì, láti wá bu ẹyín iná lábẹ́ ìkòkò tí mo fi ń se oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní ìṣáná. Àṣà tí àwọn ìyá ọkọ wa fi lé wa lọ́wọ́ ni, pé bí iná bá ń jó nínú ilé kan, ti èkejì kò gbọdọ̀ kú. Á bẹ̀rẹ̀, á bu iná, á ní, "Tíṣà, o ṣeun o." Ará Èkìtì paraku ni, kì í fi "ẹ̀yin" yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo fẹ́ràn àpáàdì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọkàn mi á sọ fún mi pé mo ga jù ú lọ, n ó sì bá iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Ìgbà tí àwọn tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́ dé, wọ́n wò yíká àdúgbò kí wọ́n tó mú ibi kan. Mo ti wọ ìró àti bùbá ṣọ́ọ̀ṣì dè wọ́n láti àárọ̀. Wọ́n wo ilé mi, wọ́n wo tirẹ̀, wọ́n rí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n ní èèpo yẹn ni wọ́n máa dà sínú kòtò tí wọ́n fi bíríkì mọ tí wọ́n sì dé pinpin, pé yóò jẹrà níbẹ̀, atẹ́gùn ara rẹ̀ yóò sì gba inú páìpù lọ sí sítóòfù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èèpo nìkan á kan, àfi kí á po ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti omi mọ́ ọn. Gbogbo ojú yí sí mi. Níwájú àdúgbò ni mo ti ní, "Ìgbẹ́? Ẹ máa kó o, ó kún ilẹ̀."

Ọjọ́ tí iná náà kọ́kọ́ tàn, ó tàn ní búlúù, kò sí èéfín rárá. Ìyá Dàpọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, kò mú àpáàdì wá. Ní ọjọ́ kẹta, kò wá. Mo jókòó ti ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀, mo ń wo àlàfo ọgbà bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn-àjò.

Ìwọ náà sì dé fún ọlidé. O kó ìwé rẹ lọ sí ilé ìdáná rẹ̀, ibẹ̀ lo ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. O ń pè é ní Màmá. Èmi tí mo bí ọ, Mọ́mì ni mò ń jẹ́; ẹlòmíràn ló gba Màmá. Nígbà tí o padà wálé, mo gbóòórùn irun rẹ, kò rùn èéfín. O ní, "Mọ́mì, mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe láyé mi." Ọmọ tí mo kọ́ ní a, b, d lórí ẹsẹ̀ mi, ilé ìdáná ẹlòmíràn ló ti rí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi jà. Bí Ìyá Dàpọ̀ bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, mo ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi kò rígbẹ́ yà. Nígbà tí irọ́ yẹn gbó, mo ní mo ti ṣèlérí ìgbẹ́ náà fún ẹnìkan tó ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́nà Adó. Kò sí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kankan. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń gbẹ́lẹ̀ bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà mo gé ẹ̀gún, mo fi dí àlàfo ọgbà, mo ní ewúrẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kòtò ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Mo ní páǹpù bọhóòlù ti bàjẹ́. Bàbá rẹ wò mí títí. Ó gbé kànìnkànìn rẹ̀, ó sì lọ fi omi páǹpù tó bàjẹ́ wẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìkórè. Ìyá Dàpọ̀ ní òun ni òun máa se ọbẹ̀ ẹgbẹ́ obìnrin lórí iná tuntun. Ó sè é, ó ta sánsán, ó gbé e dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó ti obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, mo ní, "Ọbẹ̀ yìí máa dùn o. Àbí ẹ ò mọ̀ pé inú ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni iná tó sè é ti jáde?" N kò purọ́. Òtítọ́ ni mo fi ṣe é. Kí iyán tó kárí tábìlì, ọ̀rọ̀ náà ti yí gbọ̀ngàn po. Wọ́n ń fi ìka ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní oúnjẹ ilé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ti inú ẹ̀gbin wá. Ìyá Dàpọ̀ gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá, èmi ni mo sì bá a mú ìdérí dání.

Láti ọjọ́ náà ni iná yẹn ti ń kú lọ. Èèpo nìkan ló ń rí dà sínú kòtò, ó sì kan bí wọ́n ṣe wí. Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò padà wá wò ó. Nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò lọ. Kòtò di ààtàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ìyá Dàpọ̀ ni, tòun ti àpáàdì. Ó ti rìn yípo títì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí ẹ̀gún tí mo fi dí ọgbà. Mo bu iná fún un. Inú mi dùn. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn, pé inú mi dùn.

Owú yìí kò kúkú ti ọ̀dọ̀ Ìyá Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní sítóòfù kẹrosíìnì tuntun, èmi sì ń fi igi dáná lẹ́yìn ilé. Mo yá sítóòfù náà lẹ́ẹ̀kan, mo fi sísọ́ọ̀sì gé òwú rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, ó wá ń rú èéfín dúdú ju igi mi lọ. Ó sunkún pé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún òun, mo sì ń pa á lẹ́kún. Ìwọ náà máa rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń tu ẹni tí mo ṣe níbi nínú. Bí o bá rí irú rẹ̀ nínú ara rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ ga ní ọ́fíìsì, tètè sọ ọ́ fún ẹnìkan, kó tó di ohun tí ọwọ́ rẹ máa ṣe. Èéfín ni ìwà.

Wàyí o, ìmọ̀ràn. Mo mọ̀ pé ìwé ti kọ́ ọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pa nǹkan ló mọ ibi tó kú sí.

Èkínní, bí o bá dé ilé tí o fẹ́ gbẹ́ kòtò sí, kó o tó wo ilẹ̀, wo ọgbà. Béèrè ẹni tó ń gbé ní òdìkejì, àti ohun tí ẹni náà máa pàdánù lọ́jọ́ tí iná bá tàn. Ẹ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àwọn ará ìlú kò tíì lóye. Ta ni kò lóye? Mo lóye ìwúlò kòtò yẹn ju àwọn tó gbẹ́ ẹ lọ. Mo mọ oúnjẹ tó ń jẹ, mo mọ omi tó ń mu, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, àmọ́ ó ní ọpọlọ.

Èkejì, ìgbẹ́. Ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò, ọjọ́ tí aládùúgbò bá nílò rẹ̀ ni ẹni tó ni ín máa rántí pé tòun ni. Má gba ìlérí tí wọ́n ṣe lójú agbo. Ojú agbo ni mo ti ṣe tèmi. Fa páìpù kan lọ sílé ẹni tó ni èèpo, kó o fa òmíràn lọ sílé ẹni tó ni ìgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ká ní wọ́n fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ọgbà wá sọ́dọ̀ mi nígbà náà, èmi fúnra mi ni n bá máa ru ìgbẹ́ yẹn lọ láràárọ̀. Ti omi náà bẹ́ẹ̀: ìgbà òjò ni kó o ti ṣètò omi ẹ̀ẹ̀rùn, má gbé ọkàn lé páǹpù ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pe ìgbẹ́ ní ìgbẹ́. Má fi orúkọ òyìnbó bò ó, nítorí òjòwú kan máa ṣí i fún wọn, ibi tí kò yẹ ló sì ti máa ṣí i. Sọ ọ́ kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Rán wọn létí pé iṣu tí wọ́n ń gún, orí ìgbẹ́ adìẹ ló ta. Lẹ́yìn náà kí ìyàwó pásítọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níwájú wọn, kí ó sì béèrè ẹran sí i.

Mo tún rántí èyí. Ọkùnrin ni àwọn tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ni wọ́n bá jókòó. Bàbá Dàpọ̀ ń mi orí, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé omi kaná rí láyé rẹ̀. Wọn kò bi Ìyá Dàpọ̀ léèrè ohun tó ń sè. Sítóòfù tí wọ́n gbé fún un kò lè gbé agbada gààrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Nítorí náà nígbà tí gáàsì ń jó dáadáa pàápàá, igi ló ṣì fi ń din gààrí, níbi tí èéfín ti ń jẹ ojú rẹ̀ jù. Kí èyí tí o máa gbé wá lè gbé agbada, kí ìkòkò iṣu ńlá má sì yẹ̀ lórí rẹ̀.

Má sì gbẹ́ kòtò sílẹ̀ kí o bá tìrẹ lọ. Kọ́ ìyàwó Dàpọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tó dí páìpù, kí ó ṣe é lójú rẹ, kí o tó gun ọkọ̀ padà sí Adó. Ní ti Adó gan-an, ẹni tó háyà ilé gbé kò lè gbẹ́ ilẹ̀ onílé. Má da ara rẹ láàmú níbẹ̀. Àwa tí a ni ilẹ̀, tí a ni ẹran, tí a sì ni owú, ni kí o wá bá.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ọ, kì í ṣe èyí. Nínú ti Ọjọ́ Ajé, mo ní kí o gbé kòtò náà wá sílé mi. Mo ní èmi ni mo ni ẹlẹ́dẹ̀, èmi ni mo ni omi, àti pé Ìyá Dàpọ̀ ti fi àkọ́kọ́ ṣòfò. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ta ló bí ọ, èmi tàbí òun?" Mo kà á sókè, mo gbọ́ ohùn ara mi, mo sì fa ìwé náà ya.

Lánàá mo rìn yípo títì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń din gààrí, èéfín bo orí rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Mo ní, "Ìyá Dàpọ̀, èmi ni mo pa kòtò rẹ."

Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Tíṣà, ẹlẹ́dẹ̀ méje kì í gbààwẹ̀ ìgbẹ́ fún oṣù méjì. Inú ulé mi ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo ní, "Ti ọbẹ̀ ìkórè ńkọ́?"

"Ẹni tí o sọ ọ́ fún ló wá sọ fún mi. Ọbẹ̀ ò tíì tutù."

"Kí ló wá dé tí o kò bá mi jà?"

Ìgbà yẹn ló tó gbé ojú sókè. Ojú náà pọ́n, ó ń ṣomi. Ó ní, "Kòtò ti kú. Bí mo bá tún wá bá ọ jà, ulé ta ni mo máa lọ bu uná?"

Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé èmi ló ń bẹ̀rẹ̀ fún, iná ló ń bẹ̀rẹ̀ bù. Mo gba igbá tó fi ń din gààrí lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a ro ó títí èéfín fi lé mi jáde.

Nítorí náà, kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, má sì bò mí láṣìírí. Kọ ọ́ pé aládùúgbò jowú, pé ó há ìgbẹ́, ó há omi, ó sì fi ẹnu ba oúnjẹ jẹ́. Bó bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ní kí ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Kọ orúkọ mi. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé aládùúgbò náà ti ṣí ọgbà, torí pé láàárọ̀ yìí ni mo fi àdá gé ẹ̀gún yẹn kúrò, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbẹ́ méjì sì ti wà lẹ́nu àlàfo, wọ́n ń retí bíríkì yín.

Má rò pé owú náà ti tán. Ó wà ńbí, ó jókòó tì mí. Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, ì báà ṣe omi lásán lo máa mu. Bí o bá sì fẹ́ pe Ìyá Dàpọ̀ ní Màmá, jọ̀ọ́, dúró kí n wọlé ná.

Mo ti kọ ọ́ lókè pé kí o fa páìpù fún ẹni tó ni ìgbẹ́. Tèmi, fi í sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí iná bá tàn, má rán ẹnikẹ́ni wá pè mí, mo mọ ọ̀nà. Iná gáàsì kò ṣeé bù sínú àpáàdì, nítorí náà ìkòkò mi ni n ó gbé gba àlàfo ọgbà kọjá. N ó bẹ̀rẹ̀, n ó gbé e ka orí sítóòfù rẹ̀, n ó sì ní, "Ìyá Dàpọ̀, o ṣeun o."

Ìyá tó bí ọ, èmi nìkan ni.